Mo Kí Wọn Kú Ọ̀fọ̀ ní Ṣikágò

Ẹ̀yin ará ilé, mo dé láyọ̀. Ẹni tó bá ń retí kí n sọ iye wákàtí tí a fi wà lófuurufú, àti bí ìwé ìwọ̀lú ṣe jáde, kó lọ bi ẹlòmíràn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni mo fẹ́ sọ, ó sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti dé tí ẹnu mi kò tíì padé dáadáa. Àwọn tó wá kí mi káàbọ̀ nílé mi ní Igbóná, ní Òṣogbo, rò pé àárẹ̀ ọkọ̀ ni. Kì í ṣe àárẹ̀ rárá.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, tíṣà ìtàn ni mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Òṣogbo kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ọ̀tan-Ilé ni mí, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n Igbóná ni mo kọ́lé sí. Mo ń gbé nínú yàrá mẹ́ta, mo sì fi mẹ́rin gba àyálégbé. Ẹni tí mo bá kọ́ rí á rántí pé n kì í gbà kí ọmọ kankan sọ pé òun gbàgbé orúkọ. Mo máa ń wí fún wọn pé ìtàn tí kò lórúkọ, àlọ́ ni, pàṣán á sì tẹ̀lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Kí n tó kúrò nílé

Ìyá mi ń gbé ní Ọ̀tan-Ilé. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí wọn ṣì dá ṣáṣá. Èmi ni akọ̀wé ẹbí wa. Èmi ni mo máa ń kọ orúkọ àwọn òkú wa tí wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìrántí àwọn tó ti sùn. Bí wọ́n bá pe orúkọ òkú, àwọn èèyàn rẹ̀ á dìde dúró. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí ìyá mi ti bẹ̀ mí pé kí n fi orúkọ bàbá àwọn sí i, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì kọ̀.

Bàbá wọn yìí, olè ni. Kì í ṣe olè adìyẹ o. Ó ń fọ́ ilé, ó ń dá àwọn oníṣòwò obì lọ́nà lórí títì Iléṣà, ó sì ṣá ọkùnrin kan ládàá tí ọkùnrin náà kò fi lè gbé apá sókè mọ́ títí ọjọ́ ikú. Inú ẹ̀wọ̀n ni olè ọ̀hún kú sí. Ọjọ́ tí ìròyìn dé, àwọn àgbà ẹbí ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sunkún, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́ láéláé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ìyá mi nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe wọmi.

Ọmọ-ọmọ ọkùnrin tí ó ṣá ládàá ṣì ń jókòó sí ẹ̀yìn wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi ìyá mi pé ṣé wọ́n fẹ́ kí n dìde dúró fún olè níwájú ẹni yẹn ni. Wọ́n á yanu bí ẹni fẹ́ pe orúkọ náà, n ó sì yára gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ tí mo lọ dágbére fún wọn, wọ́n tún gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ní ká fi í sílẹ̀ di ìgbà tí mo bá dé.

Wọ́n ní, "Bí o bá bá mi ní ulé ni."

Inú bí mi. Mo rò pé wọ́n ń fi ikú dẹ́rù bà mí ni, mo sì bọ́ sínú ọkọ̀ láìdáhùn.

Ìlú afẹ́fẹ́

Ayọ̀délé ọmọ mi ló ní kí n wá. Ó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe ní Ṣikágò, ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà fẹ́ gba fìlà mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú bí ẹni tí wọ́n ń lù. Wọ́n ní adágún omi kan ni afẹ́fẹ́ náà ti ń wá. Nígbà tí mo dé etí adágún ọ̀hún tí n kò rí òdìkejì rẹ̀, mo ní ẹni tó pe òkun ní adágún kò sọ òótọ́.

Ìwà wọn kọ́kọ́ rú mi lójú. Nínú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gun òkè ilé, mo kí ọkùnrin kan káàárọ̀. Ó yọ nǹkan tó ki bọ etí, ó bi mí bóyá mo ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Mo ní rárá o, mo kàn kí i ni. Ó dúpẹ́, ó wò mí títí a fi sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣubú lójú pópó nítorí òtútù tó sọ omi di dígí, àwọn mẹ́rin ló sáré wá gbé mi dìde, ọ̀kan sì yọ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ fún mi, kò dúró gba ọpẹ́. Wọn kì í kíni, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbéni. Ó yà mí lẹ́nu.

Délé mọ̀ pé ìtàn ni oúnjẹ mi, ó sì mú mi káàkiri. Ó fi ère ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀ hàn mí, mo sì dúró gbagidi, nítorí adúláwọ̀ ni, oníṣòwò bíi ti àwa Ìjẹ̀ṣà, tó tẹ ọjà rẹ̀ sẹ́nu odò kí òyìnbó ibẹ̀ tó pọ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni, n kò gbọ́ ọ rí.

Ó tún mú mi dé ibi tí iná kan ti ṣẹ́ yọ láyé ijọ́un tó jó apá ńlá nínú ìlú náà. Obìnrin aládùúgbò kan tó ní màlúù ni gbogbo ìlú dá lẹ́bi, pé màlúù rẹ̀ ló ta àtùpà nù. Wọ́n fi í kọrin, wọ́n yà á sínú ìwé ìròyìn, ojú kò jẹ́ kó lè jáde mọ́. Lẹ́yìn tó ti kú pẹ́pẹ́pẹ́, àwọn aláṣẹ ìlú ní kò jẹ̀bi. Mo bi Délé pé ta ni wọ́n wá sọ fún nígbà náà.

Àwo oúnjẹ tó ń jẹ́ orúkọ apànìyàn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ. Búrẹ́dì kan wà tí wọ́n ń yan nínú agbada irin, ó jìn bí àwo, wọ́n á fi wàràkàṣì àti tòmátì kún un títí dé ẹnu. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn. Mo béèrè ata. Wọ́n gbé ìgò kékeré kan wá, mo dà á tán sórí rẹ̀, ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá sì lọ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò mí.

Ṣùgbọ́n ibi tí a ti jẹ ẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Mo rí ihò mẹ́ta lára ògiri, wọ́n fi dígí àti igi bò ó bí a ṣe ń fi fọ́tò ìgbéyàwó há ògiri. Mo rò pé kòkòrò ló jẹ ibẹ̀. Délé ní ihò ọta ìbọn ni. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́-Òsì ló yìn ín níbẹ̀, torí pé onílé oúnjẹ àtijọ́ kò rí owó san fún un. Ó yìnbọn, ó pa agbáwo kan tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà, ó jókòó, ó sì jẹun tirẹ̀ tán. Mo gbé ṣíbí kalẹ̀.

Kí n tó mí, ọmọbìnrin yẹn padà dé, ó bi mí bóyá n ó fẹ́ láti tọ́ Ọlọ́wọ́-Òsì wò. Ó na ìwé oúnjẹ sí mi. Lóòótọ́, orúkọ oúnjẹ ni: ẹran màlúù, ọ̀dùnkún, àti nǹkan pupa kan tí wọ́n dà lé e lórí tí n kò fẹ́ béèrè. Èèyàn pa agbáwo, àwọn agbáwo wá ń fi orúkọ rẹ̀ ta oúnjẹ. Mo la ẹnu sílẹ̀ títí Délé fi bẹ̀ mí pé kí n pa á dé. Ní ilé wa, wọn kò jẹ́ pe orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀.

Bọ́ọ̀sì dúdú

Ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì tí Délé ra fún mi ni tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tó ń fi ìtàn ìlú han àlejò. Mo wọ agbádá, mo mú ìwé àti bírò, mo rò pé a ń lọ wo ilé àwọn olórí ìlú àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Bọ́ọ̀sì náà dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n sì kun ihò ọta sí i lára. Afinimọ̀nà wa dé akẹtẹ̀ òyìnbó, ó gbé ìbọn onígi kọ́ èjìká. Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé àwọn ọ̀daràn ni wọ́n ń mú wa lọ wò.

A dé ilé ìyá kan tó ń gba àyálégbé láyé àtijọ́. Afinimọ̀nà ní bí àyálégbé bá ti sanwó, ìyá yìí á fi májèlé sí tíì rẹ̀. Èmi náà ní àyálégbé ní Igbóná. Mo ti bínú sí wọn rí, n kò ní parọ́. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ rédíò bí ẹni pé gbogbo Òṣogbo ló ní kó máa bá àwọn gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí n fi májèlé pa á? Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ń ya fọ́tò fèrèsé. Wọ́n sì ń ta ife tíì kékeré tí wọ́n ya orí òkú sí.

Ilé Ọlọ́wọ́-Òsì ló kàn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá rẹ̀, ìlú tí bàbá rẹ̀ ti ṣí wá, irú bàtà tó fẹ́ràn, àti bí ó ṣe ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù tipátipá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, nítorí pé ọwọ́ tíṣà kì í lè ṣàìkọ nǹkan. Ìgbà náà ni afinimọ̀nà béèrè pé ta ló ní ọ̀daràn nínú ìdílé tirẹ̀ láàárín wa.

Mo rò pé gbogbo bọ́ọ̀sì á dákẹ́ ni. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Obìnrin kan ní bàbá-ìyá òun ló ń wa ọkọ̀ ọtí tí òfin kà léèwọ̀ fún àwọn jàǹdùkú; wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan ní wọ́n yẹgi fún ẹnì kan nínú ìdílé òun nítorí ẹṣin tó jí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ń sọ ọ́ bí àwa ṣe ń sọ pé wọ́n ti jọba rí nílé wa.

Délé rẹ́rìn-ín, ó fara tì mí. "Dádì, a ò nírú ẹ̀ nílé tiwa, àbí?"

"Rárá o," ni mo wí. "Ọmọlúàbí ni wá láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi geere, kò kọsẹ̀. Ọmọ náà kò mọ nǹkan kan. N kò sọ fún un rí. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ, n kò tún kọ nǹkan sínú ìwé mọ́.

Ní itẹ́ òkú

Ibi tí bọ́ọ̀sì dúró sí gbẹ̀yìn ni itẹ́ òkú. Koríko ibẹ̀ mọ́ ju àgbàlá ilé-ìwé wa lọ. Wọ́n ní ká máa rìn lọ fúnra wa, pé ibojì Ọlọ́wọ́-Òsì wà lábẹ́ igi ńlá kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Délé dúró láti fi fóònù sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ibi iṣẹ́ rẹ̀, mo sì ṣíwájú.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo bá èèyàn bíi mẹ́wàá yí ibojì náà ká. Àwọn ọkùnrin wọ kóòtù dúdú, àwọn obìnrin wọ aṣọ dúdú tó gùn dé ilẹ̀, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì dúdú bojú. Òdòdó wà nílẹ̀, ìgò ọtí wà níbẹ̀, wọ́n sì to sìgá lé òkúta orí ibojì. Kí ni ẹ fẹ́ kí n rò? Mo ní ẹbí olóògbé rèé. Òótọ́ ni pé èèyàn burúkú ni olóògbé, ṣùgbọ́n a kì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ olókùú bí ẹni kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná.

Mo ṣí fìlà, mo gbá agbádá mi jọ, mo tẹrí ba. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹnu mi sọ òyìnbó, ṣùgbọ́n ọkàn mi ń fi Yorùbá sọ ọ́: ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tù yín nínú, ẹ̀yìn rẹ̀ á dára. Mo ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ẹni kẹrin ni kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àlejò ni wọ́n bíi tèmi. Wọ́n háyà aṣọ láti ya fọ́tò ọjọ́ ìbí ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ kí n dúró láàárín, agbádá mi wù wọ́n. Ojú tì mí débi pé mo dúró. Fọ́tò náà wà níbì kan nísinsìnyí, tí èmi àti àwọn aláṣọ dúdú dúró sórí ibojì apànìyàn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán ni mo rí i pé ẹnì kan ṣẹ́ kù. Ìyá arúgbó kan ni, òyìnbó, ó jókòó lórí àga àkápọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, ó gbé báàgì lé orúnkún, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa. Mo ti kí òun náà láàárín àwọn yòókù, nígbà tí ẹ̀rín kò tíì bẹ̀rẹ̀. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo súnmọ́ ọn láti tọrọ gáfárà pé mo ṣì í mú.

Ó ní, "Ta ló sọ fún yín?"

Mo ní kí ni wọ́n sọ.

"Pé bàbá mi ni."

Mo ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Pé nílé wa, bí a bá bá èèyàn nídìí òkú, a máa ń kí i ni.

"Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé wa," ni ó wí. "Èrò wá o. Wọ́n pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wá wò. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ kí mi láti ọjọ́ náà."

Ó ní òun ti yí orúkọ ìdílé òun padà tipẹ́. Ọjọ́ Sátidé lòun máa ń wá, tí àlejò bá pọ̀, kí wọ́n lè rò pé àlejò lòun náà. Ó tún ní, "Ẹ má rò pé n kò mọ ohun tó ṣe. Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn tó pa, mo sì ń gbàdúrà fún wọn. Ṣùgbọ́n òun náà ló máa ń so okùn bàtà mi láràárọ̀."

Omi kò jáde lójú rẹ̀. Ojú tèmi ló ń ṣomi. Ìyá mi ni mo rí lórí àga yẹn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí wọ́n ní kó má sunkún. Ní ilẹ̀ wa, bí òkú bá ṣẹlẹ̀, èrò a máa kún ilé débi pé àga kì í tó. Ẹni tí ẹ ń bá jà náà á wá. Ẹnì kankan kò wá sílé ìyá mi nígbà náà. Èmi ọmọ tí wọ́n bí fúnra wọn, tí mo kí gbogbo olókùú Òṣogbo àti Ọ̀tan-Ilé, tí mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kí àwọn aláṣọ àyálò lórí ibojì apànìyàn, n kò kí ìyá mi rí.

Mo sọ fún ìyá òyìnbó náà pé, "Bàbá ìyá mi, olè ni. Ẹ̀wọ̀n ló kú sí. Àwa náà kò kí ìyá mi."

Ó fọwọ́ lé ọwọ́ mi. "Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

Mo ní wọ́n wà.

"Kí lẹ wá ń wá níbí?" ni ó wí.

Mo yí padà, mo sì rí Délé. Ó ti parí fóònù tipẹ́. Ó dúró sí ẹ̀yìn mi, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin

A ti rékọjá ibùdókọ̀ mẹ́ta, èmi àti Délé. Mo ń retí kó bi mí ìdí tí mo fi purọ́ fún un nínú bọ́ọ̀sì. Mo ti to àlàyé sílẹ̀. Kò bi mí bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Dádì, kí ni orúkọ wọn?"

Mo yanu láti dáhùn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wá a kiri nínú orí mi bí ẹni wá kọ́kọ́rọ́ lápò, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi pé n kò mọ̀ ọ́n. N kò gbọ́ ọ rí láyé mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó dé ẹnu ìyá mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbá a padà. Mo mọ orúkọ tí ìyá Ọlọ́wọ́-Òsì sọ ọ́, mo mọ irú bàtà tó ń wọ̀, ó wà nínú ìwé tó wà lápò agbádá mi. Èmi tíṣà ìtàn, tí mo na ọmọ ọlọ́mọ nítorí orúkọ àwọn ọba tó ti kú ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, n kò mọ orúkọ ẹni tó bí ìyá tó bí mi.

Mo ní, "N kò mọ̀ ọ́n."

Délé wojú mi bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó fi ojú sí fèrèsé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló ṣì kù kí n padà, n kò sì gbádùn ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Mo ń rántí ọ̀rọ̀ ìyá mi pé bí mo bá bá àwọn ní ulé. Bí fóònù bá ti dún, mo máa ń ta gìrì. Délé ní kí n pè wọ́n kí n béèrè. Mo ní rárá, a kì í ti orí fóònù kí ọ̀fọ̀ tó ti pẹ́ tó báyìí. Ìbẹ̀rù wá gbé mi dè: bí wọ́n bá kú, orúkọ náà kú nìyẹn.

Ọ̀tan-Ilé

Ọjọ́ kejì tí mo dé Òṣogbo, n kò tíì tú ẹrù, mo wọ ọkọ̀ ní Old Garage. Dírẹ́bà bi mí pé ṣé ará òkè òkun ni mí, nítorí jákẹ́ẹ̀tì Délé tí mo wọ̀ nínú oòrùn. Mo ní kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ìyá mi wà níbẹ̀. Wọ́n ń bó obì sínú abọ́, ọwọ́ wọn ń lọ bí ẹni pé ojú ń ríran. Ọkàn mi balẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú èèpo obì, orúnkún mi sì han.

Mo ní, "Màmá, ẹ kú ọ̀fọ̀."

Ọwọ́ wọn dúró. Ẹ̀rù bà wọ́n. "Délé ńkọ́?"

"Délé wà láyọ̀."

"Ta ló kú?"

"Bàbá yín ni, Màmá."

Adìyẹ kan wá ṣa nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, ó lọ. Nígbà tó yá, wọ́n gbé abọ́ obì sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n fọ ọwọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì tún gèlè wé.

Wọ́n ní, "Dìde. Jáde padà, kí o gba iwájú wọlé. Wọn kì í gba ẹ̀yìnkùlé kí ọlọ́fọ̀."

Mo yí ilé po, mo nu èèpo obì lára. Nígbà tí mo gba iwájú wọlé, wọ́n ti jókòó sórí àga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́sẹ̀, bí mo ṣe máa ń bá àwọn opó nígbà tí mo bá lọ kí wọn. Mo tún dọ̀bálẹ̀. Mo kí wọn bó ṣe yẹ: ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ̀yìn wọn á dára.

Ìyá tó bí mi dá mi lóhùn bí ẹni dá àlejò lóhùn. "Ẹ ṣé o. Ẹ ṣé tí ẹ wá. Ayọ̀ la ó fi san án fún yín."

Ìgbà náà ni wọ́n sunkún. Wọ́n sunkún bí ọmọdé, láìbo ojú, ó sì pẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, n kò sọ pé kí wọ́n dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mo mú ìwé orúkọ àwọn òkú wa jáde, mo bi wọ́n pé kí ni orúkọ bàbá wọn. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà ṣì í kọ, wọ́n sì fọwọ́ lé ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí pé ojú wọn kò ríran tó láti kà á. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ sí ilé àwọn ọmọ ọkùnrin tí wọ́n ṣá ládàá, kí n dọ̀bálẹ̀ fún wọn, kí n ní àwọn ló rán mi, kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu àlùfáà. Mo lọ. Ọmọ-ọmọ ọkùnrin náà gbọ́ mi tán, kò gbà, kò kọ̀. Ó ní òun ti gbọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ gbogbo èyí sílẹ̀ fún yín, ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì àti ará ilé. Olè ni bàbá ìyá mi. Wọ́n ṣe èèyàn léṣe, n kò sì ní ta oúnjẹ lórúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìrántí tó ń bọ̀ yìí, wọ́n á ka orúkọ wọn pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó, kó jókòó. Èmi àti ìyá mi á dìde. Ògúnlúsì ni orúkọ wọn.